Bí A Ṣe Ń Yan Ọkọ̀ Sípọ́ọ̀tì Àtijọ́ fún Ìrìn Ojoojúmọ́ ní Èkìtì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àtijọ́ ní Èkìtì, pẹ̀lú ìpinnu pé òun yóò máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ni kì í gbé e la òjò ọdún kan já kí ó tó di ohun tí a fi tapólì bò sí ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ̀ náà kọ́ ló máa ń burú. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yàn án ni kò tọ̀nà. Wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n sì sanwó, ṣùgbọ́n wọn kò béèrè ẹni tí yóò máa tún un ṣe ní Adó, wọn kò béèrè ibi tí pátì rẹ̀ yóò ti máa wá, wọn kò sì wọn abẹ́ rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀mpù àdúgbò wọn.

Ìlànà tí mo fara mọ́ ni pé kí a kọ́kọ́ wá ọkọ̀ tó ní ẹbí nílùú. Ohun tí mo ń pè ní ẹbí ni ọkọ̀ mìíràn tó wọ́pọ̀, tí àwọn onítakisí àti àwọn olùkọ́ ń wà káàkiri Èkìtì, tí ẹ́ńjìnnì, gíà tàbí bíréèkì rẹ̀ sì bá ti ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì náà mu. Bí ẹbí bá wà, mẹkáníìkì yóò wà, pátì yóò sì wà. Láàrin àwọn tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn èyí ni kí a tó gbé ẹwà àti eré yẹ̀ wò.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

– Ìwé àti bírò, nítorí orí nìkan kò lè gba gbogbo ohun tí ẹ ó fi wé ara wọn.
– Tépù ìwọ̀n, iná tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí a fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé, àti páálí fífẹ̀ kan.
– Mẹkáníìkì kan àti oníná ọkọ̀ kan, ìyẹn riwáyà, tí ẹ ó san owó ọjọ́ wọn fún, tí kò sí èyí tí ẹni tó ń ta ọkọ̀ mú wá nínú wọn.
– Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà. Púpọ̀ nínú àwọn mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ní i.
– Owó tí ẹ kò ní fi kún owó ìrajà. Mo gbà pé kí ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí ẹ fẹ́ fi ra ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ra ọkọ̀ tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ti ra ohun tí kò ní lè wà.

Ìpele Kìíní: Ẹ kọ ìrìn ọjọ́ kan sílẹ̀

Ẹ má ṣe tíì dárúkọ ọkọ̀ kankan. Ẹ kọ ibi tí ẹ ń gbéra, ibi tí ẹ ń lọ, iye ènìyàn tó ń bá yín lọ, ibi tí ọkọ̀ ń sùn lálẹ́, àti ibi tí ọ̀nà ti burú jù lórí ìrìn náà. Ẹni tó ń ti Baṣírì lọ sí Ajílòsun ń jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ohun tí yóò yọ ọ́ lẹ́nu ni ooru ẹ́ńjìnnì àti kílọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ń ti Adó lọ sí Ìkọ̀lé lójoojúmọ́ nílò ẹ́ńjìnnì tó lè dúró lórí eré kan náà fún ìgbà pípẹ́, àti ẹsẹ̀ tó lè gba kòtò mọ́ra. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ sì kọjá òkè Ẹ̀fọ̀n kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo bíréèkì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú tépù lọ síbi bọ́ọ̀mpù tó ga jù lójú ọ̀nà yín, kí ẹ wọn gíga rẹ̀. Ẹ wọn bí afárá pẹlẹbẹ orí gọ́tà iwájú ilé yín ṣe dagun tó pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò: bọ́ọ̀mpù ń mú àárín abẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n afárá gọ́tà ń mú imú rẹ̀. Ọkọ̀ tí táyà iwájú àti tẹ̀yìn rẹ̀ súnmọ́ra, bíi Mazda MX-5 àkọ́kọ́ tí àlàfo àárín táyà rẹ̀ jẹ́ mítà 2.265, lè kọjá bọ́ọ̀mpù tí yóò há ọkọ̀ gígùn tí wọ́n jọ rẹlẹ̀ bákan náà.

Ìkìlọ̀: Ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ọkọ̀ kò tó. Ẹ wọn abẹ́ ọkọ̀ gan-an tí ẹ fẹ́ rà, pẹ̀lú ènìyàn méjì nínú rẹ̀ àti epo nínú táǹkì. Àwọn kan ti gé síprínì rẹ̀ kí ó lè rẹlẹ̀, àwọn mìíràn sì ti lo ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ títí ó fi jókòó.

Ẹ ti ṣe ìpele yìí yanjú bí ẹlòmíràn bá lè ka ìwé yín, kí ó sì sọ iye àga tí ẹ nílò, bí ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ga tó kúrò nílẹ̀, àti ohun tí ọkọ̀ náà yóò máa bá jà jù, yálà ooru, òkè tàbí kòtò.

Ìpele Kejì: Ẹ fi òfin yọ àwọn tí kò ṣeé rà kúrò

Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, òfin kò sì gba ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún láyè lójú pópó. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí Japan wá kì í sábàá yẹ. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, Jámánì tàbí Bẹ́ljíọ̀mù ni kí ẹ máa wá. Ọkọ̀ àjogúnbá tí bàbá àgbà kan fi sílẹ̀ láti ọdún 1960 sí 1971 lè dára lójú púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìdarí rẹ̀ wà.

Òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù kò tún gbà kí wọ́n kó àlòkù ọkọ̀ tó ti ju ọdún 12 lọ láti ọdún tí wọ́n ṣe é wọ Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni wọ́n ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ wọlé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo ọkọ̀ tí a ó mẹ́nu bà nísàlẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ti wà nílé, tí ó sì ní ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù ìgbà tó wọlé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun yóò bá yín mú un gba Kútọnú kọjá lóru ń ta wàhálà fún yín ni.

Ẹ bẹ ọkọ̀ tí wọ́n ti gbé ìdarí rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì wò dáadáa ju bí ẹ ṣe máa wo òmíràn lọ. Ẹ wo ògiri irin tó wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀, bóyá a rí ojú ìjópọ̀ tuntun níbẹ̀. Ẹ wo wáípà, bóyá apá iwájú awakọ̀ ni ó ti ń nu gíláàsì mọ́ jù àbí apá kejì. Kí ẹ sì tẹ bíréèkì léraléra, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi kò ní ra irú rẹ̀ fún ìrìn ojoojúmọ́, bó ti wù kí owó rẹ̀ rọ̀ tó.

Ẹ ti yege níbí bí nọ́mbà ara ọkọ̀, nọ́mbà inú ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù àti nọ́mbà tó wà ní ọ́fíìsì tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń ṣe ìwé ọkọ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà, lẹ́tà kan kò sì yàtọ̀. Fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1981, lẹ́tà kẹwàá nínú nọ́mbà náà ni ọdún rẹ̀: L dúró fún 1990, R fún 1994, T fún 1996. Àwọn tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù kì í fìgbà gbogbo tẹ̀ lé ètò yìí.

Ìpele Kẹta: Ẹ wá ẹbí ọkọ̀ náà

Fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá ṣẹ́kù, ẹ kọ nọ́mbà oríṣi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ (bíi 5S-FE) sílẹ̀, kì í ṣe orúkọ ọkọ̀ nìkan, nítorí ọkọ̀ kan náà lè ní ẹ́ńjìnnì mẹ́ta láàrin ọdún mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé nǹkan márùn-ún tọ ẹni tó ń ta pátì lọ: díìsì kílọ́ọ̀ṣì, pọ́ọ̀ǹpù omi, pádì bíréèkì, ọpọ́n rédíétọ̀, àti gíláàsì iwájú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Adó, kí ẹ tó pe Gate ní Ìbàdàn àti Ládípọ̀ ní Èkó.

Ìkìlọ̀: Ìdáhùn kọ́ ni "Ó wà." Ẹ ní kí oníṣòwò náà gbé e síta, kí ẹ rí i, tàbí kí ó ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́mbà tó wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ pátì tí wọ́n ní ó wà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá nígbà tí ẹ bá ti san owó.

Bí mẹ́ta nínú márùn-ún bá wà ní Èkìtì tàbí kí wọ́n dé láti Ìbàdàn láàrin ọjọ́ méjì, ọkọ̀ náà ní ẹbí. Bí ẹyọ kan péré bá wà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé yín láìbanújẹ́.

Ìpele Kẹrin: Ẹ fi àwọn oríṣi wé ara wọn

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Àwọn tí mo mẹ́nu bà jẹ́ èyí tó ṣeé ṣe kí ènìyàn rí pẹ̀lú ìdarí òsì ní ilẹ̀ wa.

Toyota Celica ti 1990 sí 1999. Bí ẹ bá bi mí pé èwo ni kí ẹni tí kò fẹ́ ìyọnu rà, èyí ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùfẹ́ eré yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé táyà iwájú ló ń fà á. Celica GT tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ń lo ẹ́ńjìnnì 5S-FE oní lítà 2.2, èyí tí ó wà nínú Camry Orobo ti 1992 sí 1996. Kò sí ìlú ńlá kan ní Èkìtì tí a kò ti lè rí ẹni tó ti tú ẹ́ńjìnnì yìí palẹ̀ rí. Èyí tí wọ́n ń pè ní ST láti 1994 ń lo 7A-FE oní lítà 1.8, tí í ṣe ti Corolla ìgbà náà. Bí timing belt 5S-FE, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń mú kí fálífù àti písítìnì ṣiṣẹ́ pọ̀ ní àsìkò tó yẹ, bá já lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì yóò kàn kú ni. Fálífù kò ní kan písítìnì. Toyota ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bíi 96,000 kìlómítà. Àga ẹ̀yìn rẹ̀ tó fún ọmọdé. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni ara rẹ̀: ilẹ̀kùn, iná àti bọ́ńpà kò bá ti Camry mu, nítorí náà ẹ má ṣe ra èyí tí wọ́n ti kọlù.

Toyota MR2 ti 1990 sí 1995. Ẹ́ńjìnnì 5S-FE kan náà ló wà nínú èyí tí kò ní turbo tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àga ni ẹ́ńjìnnì wà, rédíétọ̀ sì wà níwájú, páìpù gígùn ló so wọ́n pọ̀. Bí mẹkáníìkì bá pààrọ̀ omi láìlé afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù náà bó ṣe yẹ, ẹ́ńjìnnì yóò gbóná kọjá àlà, wọn yóò sì máa pààrọ̀ gásìkẹ́ẹ̀tì láìmọ ohun tó fà á. Lójú ọ̀nà tó tutù, ìdí rẹ̀ lè yí lójijì bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo nínú kọ́nà. Àwọn ti 1990 àti 1991 le jù nínú èyí. Ẹni tí kò tíì wa ọkọ̀ tó ń fi táyà ẹ̀yìn rìn rí kò gbọdọ̀ fi èyí kọ́ṣẹ́ nínú òjò.

Mercedes-Benz 230CE àti 300CE. Ẹbí V-boot nìyí, inú ìran W124 kan náà ni wọ́n ti wá. Ó gùn, ó wúwo, kì í ṣe ọkọ̀ tí ènìyàn ń fi sáré nínú kọ́nà, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó wà níbí, òun ló gba kòtò mọ́ra jù, àgbàlagbà mẹ́rin sì lè jókòó sínú rẹ̀. Ṣéènì ni ó ń lò dípò timing belt. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ ṣọ́. Àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀rọ tó ń pín epo fún 230CE àti 300CE àkọ́kọ́, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ KE-Jetronic, máa ń ṣòro fún ẹni tí kò kọ́ ọ. Àwọn kan a sì yọ ọ́ kúrò, wọn a gbé kabúrétọ̀ ọkọ̀ mìíràn sí i. Bí ẹ bá ti rí kabúrétọ̀ lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀. Èkejì ni wáyà: nínú àwọn tí wọ́n ṣe láàrin nǹkan bí 1992 sí 1995, ara wáyà ẹ́ńjìnnì máa ń fọ́ bí èèpo gbígbẹ, iná a sì máa kan ara wọn. Ẹ ní kí riwáyà tẹ wáyà náà díẹ̀ nítòsí ẹ́ńjìnnì. Bí ara rẹ̀ bá ń ya, ẹ yọ owó wáyà tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Ẹ̀kẹta ni gíláàsì ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn, tí kò bá ti V-boot oní-ilẹ̀kùn mẹ́rin mu.

BMW E30 oní-ilẹ̀kùn méjì, 1982 sí 1991. Fún adùn wíwakọ̀, ipò kìíní ni mo fi í sí láàrin àwọn tí a lè fi gbé ènìyàn mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì ni ẹ gbọ́dọ̀ yàn níbí, kì í ṣe ọkọ̀ nìkan. 320i àti 325i ń lo M20 oní sìlíńdà mẹ́fà. Bí timing belt rẹ̀ bá já, fálífù yóò kan písítìnì, orí ẹ́ńjìnnì yóò sì bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. 318i ti ìbẹ̀rẹ̀ ń lo M10, oní ṣéènì ni. Àwọn 318i ti Yúróòpù tó tẹ̀ lé e láti 1987 ń lo M40, oní belt ni. Ẹni tó ń tà á lè má mọ ìyàtọ̀ yìí rárá, nítorí náà kí mẹkáníìkì yín fojú ara rẹ̀ wò ó. Ìdí E30 náà máa ń yọ̀ nínú òjò, pàápàá bí táyà ẹ̀yìn bá ti gbó.

Mazda MX-5, láti 1989. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.6 rẹ̀ wá láti ìdílé Mazda 323, láti 1994 ni 1.8 sì ti wọlé. Belt rẹ̀ kì í ba fálífù jẹ́ bó bá já. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ ni, kì í jẹ epo púpọ̀, gíà rẹ̀ sì dùn lọ́wọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn méjì péré ló ń gbà, aṣọ sì ni òrùlé rẹ̀. Nínú òjò Èkìtì, ihò kéékèèké tí omi òrùlé ń gbà jáde lẹ́yìn àga máa ń dí bí ewé bá wọ inú rẹ̀. Omi náà á wá jókòó sínú ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, á sì jẹ irin láti inú wá síta. Ẹ da omi díẹ̀ sínú ihò náà kí ẹ rí i pé ó ń jáde lábẹ́ ọkọ̀. Nínú àwọn 1.6 ti ìbẹ̀rẹ̀, bóòtù tó di pọ́lì iwájú ẹ́ńjìnnì mú gbọ́dọ̀ le dáadáa nígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ belt. Bí pọ́lì náà bá ń mì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe rà á.

Peugeot 504 Coupé. Pininfarina ló ya ara rẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí tó lẹ́wà tó o lójú mi. Ẹ́ńjìnnì lítà 2.0 àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti 504 tí wọ́n tò ní Kaduna mu, àwọn àgbà mẹkáníìkì tó sì ń gbọ́ èdè rẹ̀ ṣì wà ní Ìkẹ́rẹ́ àti Ìjerò. Ara rẹ̀ ni kò ní ẹbí: bónẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn, iná, kò sí èyí tó bá ti oní-ilẹ̀kùn mẹ́rin mu. Ẹ yẹra fún èyí tó ní ẹ́ńjìnnì V6 lítà 2.7, nítorí ìyẹn ti jáde kúrò nínú ìdílé.

Ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀rọ Ìjàpá (Volkswagen Beetle) lè wo Volkswagen Karmann Ghia, tí ó ń lo ẹ̀rọ Ìjàpá gan-an, ṣùgbọ́n kò lágbára lórí òkè, wọ́n sì jó apá iwájú ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọkọ̀ ni, tó fi jẹ́ pé ìkọlù kékeré di iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì bítà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Àwọn tí mo yọ kúrò: Porsche 944 dára púpọ̀, ṣùgbọ́n gíà rẹ̀ wà lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì wà níwájú, kí wọ́n tó lè pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì wọ́n ní láti tú ẹ̀yìn ọkọ̀ palẹ̀, belt rẹ̀ tún ń ba fálífù jẹ́. Kò ní ẹbí kan ní Èkìtì. Porsche 911 ti ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń tù ú, títí di 1998, jẹ́ ti ẹni tí owó kì í ṣe ìṣòro rẹ̀. Honda S2000 ń béèrè bẹntiróòlù tí agbára rẹ̀ ga ju èyí tí ilé epo wa ń tà lọ, irú kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń tà. MG B àti Jaguar E-Type jẹ́ ọkọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún.

Bí orúkọ ọkọ̀ méjì tàbí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù nínú ìwé yín, pẹ̀lú nọ́mbà ẹ́ńjìnnì tí ẹ fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí mẹ́rin bá ṣì wà, ẹ padà sí ìwé ìrìn ọjọ́ kan yín. Ó dájú pé ẹ kò tíì gbà á gbọ́.

Ìpele Karùn-ún: Ẹ wo ọkọ̀ náà nígbà tó tutù

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kí ó má tan án kí ẹ tó dé. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá gbóná, wọ́n ti tan án kí ẹ má bàa rí bó ṣe ń ṣòro láti tan láàárọ̀. Ẹ sọ pé ẹ ó padà wá lọ́la.

Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kan ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, orí táyà, àti ìsàlẹ̀ búùtù. Ibi tí kò bá ti mú, ìpara tí pánẹ́ẹ̀lì bítà fi dí ihò ló wà níbẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè lábẹ́ àga, kí ẹ sì gbé táyà àpamọ́ kúrò nínú ihò rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó tutù nìkan; omi tó ní ọ́ìlì lójú, tàbí ìdérí ọ́ìlì tó ní ohun funfun bíi ògì nínú, túmọ̀ sí pé omi àti ọ́ìlì ti ń pàdé.

Táyà máa ń tan ènìyàn jẹ. Nọ́mbà mẹ́rin ìkẹyìn nínú ohun tí wọ́n kọ lẹ́yìn DOT ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tí ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀ ṣùgbọ́n tó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ kò yẹ lójú ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́. Bí ẹ bá sì rí 390 tàbí TRX lára táyà àwọn BMW tàbí Peugeot àtijọ́ kan, ìwọ̀n ríìmù náà kì í ṣe ti íǹṣì. Táyà íǹṣì 15 kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, fọganáísà tó bá fi tipátipá wọ̀ ọ́ ń fi ẹ̀mí yín ṣeré. Ríìmù mìíràn ni ẹ ó rà.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú nǹkan bí 1994 sábàá wá pẹ̀lú gáàsì amúlétutù R12, tí a kò ta mọ́. Kí wọ́n tó lè fi R134a sí i, wọ́n ní láti pààrọ̀ ọ́ìlì inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, agolo tó ń fa omi nínú gáàsì àti àwọn rọ́bà rẹ̀. Ẹni tó bá kàn fín gáàsì tuntun sí i ń ba kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jẹ́ ni.

Ní ìkẹyìn, kí mẹkáníìkì wọn ìfúnpọ̀ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Nọ́mbà gíga nìkan kò tó. Kí gbogbo wọn súnmọ́ra, kí èyí tó kéré jù má fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dín sí èyí tó ga jù.

Àyẹ̀wò ìpele yìí rọrùn: kí mẹkáníìkì àti riwáyà kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú iye owó àtúnṣe. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju owó tí ẹ yà sọ́tọ̀ lọ, ẹ kò ní láti wa ọkọ̀ náà wò rárá.

Ìpele Kẹfà: Ẹ wà á lórí ọ̀nà tí ẹ ó máa gbà

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹni tó ń tà á mú yín yí ká títì dídán kan, kí ẹ sì padà láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ gbé e gba ọ̀nà tí ẹ kọ sílẹ̀ ní ìpele kìíní. Ẹ tan amúlétutù, kí ẹ jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀sán, kí ẹ sì máa wo ọ̀pá ooru. Ó lè gòkè díẹ̀ nígbà tí ẹ dúró, ṣùgbọ́n kí ó sọ̀kalẹ̀ tí fáànù bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá òkè gidi. Ẹ gùn ún ní gíà kẹta, kí ẹ tẹ epo: bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ròkè tí eré kò sì pọ̀ sí i, kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí epo fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́ padà. Èéfín búlúù tí ẹni tó wà lẹ́yìn bá rí túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì. Lórí ọ̀nà gbalasa tí kò sí ènìyàn, ẹ di bíréèkì mú láìdi ìdarí mú líle, kí ẹ mọ ibi tó ń fà sí.

Ẹ pa á nígbà tó gbóná, kí ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ tún un tan. Ọkọ̀ àtijọ́ tó ń tan láàárọ̀ tí kò sì tan lọ́sàn-án nígbà tó gbóná pọ̀ púpọ̀, ẹni tó ń tà á kò sì ní sọ ọ́. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń dúró.

Bí ọkọ̀ náà bá tan lẹ́ẹ̀kejì láìjà, tí ooru rẹ̀ kò kọjá àárín, tí páálí kò ní ju ẹ̀kán ọ́ìlì díẹ̀ lọ, tí abẹ́ rẹ̀ kò sì ha bọ́ọ̀mpù tí ẹ wọ̀n, ó ti yege.

Ìpele Keje: Oṣù àkọ́kọ́

Ẹ má ṣe gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ rà á. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì gíà, omi rédíétọ̀, omi bíréèkì, gbogbo rọ́bà epo tó wà nítòsí ẹ́ńjìnnì, àti timing belt bí ó bá ní in, àyàfi bí ẹ bá rí ìwé tó fi ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ hàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe ìwé. Rọ́bà epo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú fò nítorí owó rẹ̀ kéré, bẹ́ẹ̀ òun ló ń fa iná nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́. Ẹ fi ohun ìpaná sí ibi tí ọwọ́ lè tètè tó láti orí àga awakọ̀, kì í ṣe inú búùtù.

Ẹ wà á láàrin ìlú fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ẹ tó gbé e lọ sí Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé tàbí Òmùò. Ẹ máa kọ iye kìlómítà, iye epo, àti ìwọ̀n ọ́ìlì sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ra epo. Bí oṣù náà bá parí tí ọ́ìlì kò dín ju lítà kan lọ láàrin 1,000 kìlómítà, tí omi rédíétọ̀ kò dín rárá, tí ẹ kò sì tíì pe ẹnikẹ́ni láti wá fà yín, ẹ lè dá ọkọ̀ tí ẹ fi ń ṣe arọ́pò padà fún ẹni tó ni ín.